Fọ́kílíìfù àti Ọmọ Ènìyàn Nínú Ilé Ìkẹ́rùsí: Àgbéyẹ̀wò

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí kò ṣòro láti bi, ṣùgbọ́n àwọn tí ó yẹ kí ó dá wa lóhùn kì í fẹ́ kí a bi í sókè: nígbà tí ọkọ̀ agbẹ́rù tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní fọ́kílíìfù bá tẹ ènìyàn pa nínú ilé ìkẹ́rùsí, tàbí tí ó gé ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ, tàbí tí ó dojú dé tí ó sì dùbúlẹ̀ lé awakọ̀ rẹ̀ lórí, ta ni a ó mú? Ìdáhùn mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ a máa ní awakọ̀ ni kò fara balẹ̀. Àwọn awakọ̀ a máa ní ẹni tí ó kú náà ni kò wo ọ̀tún wo òsì. Àwọn tí ó kù, tí wọn kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà di ti ẹnikẹ́ni, a máa mi orí pé Ògún ni ó gba ẹ̀jẹ̀. Mo ti gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì ti ka díẹ̀ nínú ohun tí àwọn olùbẹ̀wò ìjọba ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ sílẹ̀ lẹ́yìn irú jàm̀bá bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni pé kò sí ọ̀kan nínú ìdáhùn wọ̀nyí tí ó kan ìdí ọ̀rọ̀, nítorí pé ikú tí ó pa ènìyàn ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti wà nínú ilé náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀.

Kí ọkọ̀ yìí tó dé, orí àti èjìká ọmọ ènìyàn ni ó ń ru ẹrù ayé. Àwọn bàbá wa tí ó ṣe alábàárù ní èbúté Èkó mọ bí àpò kòkó àti àpò sìmẹ́ǹtì ti ń tẹ ni lọ́rùn. Ní ọdún 1917 ni ilé-iṣẹ́ Clark, ní ìlú Buchanan ní ìpínlẹ̀ Michigan, fi mọ́tò sí ìdí kẹ̀kẹ́ ẹrù kan tí wọ́n pè ní Tructractor, kí ó lè máa kó iyanrìn àti irin kiri inú ọgbà wọn, àwọn àlejò tí ó wá bá wọn ṣòwò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún àwọn náà. Kò tíì lè gbé ẹrù sókè nígbà náà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fi òpó àti ìka irin méjì sí iwájú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ogun Àgbáyé Kejì ni ó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀, nítorí pé àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, tí ó ní láti kó ọta àti oúnjẹ kọjá òkun, rí i pé bí a bá to ẹrù sórí pákó pẹlẹbẹ tí a ń pè ní pálẹ́ẹ̀tì, tí ọkọ̀ yìí sì ti ìka bọ abẹ́ rẹ̀, ènìyàn díẹ̀ yóò ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nígbà tí oníṣòwò ará Amẹ́ríkà kan, Malcom McLean, wá fi ọkọ̀ òkun Ideal X kó kọ̀ǹténà 58 láti Newark lọ sí Houston ní oṣù kẹrin ọdún 1956, ọjọ́ alábàárù ti ń wọ̀ lọ. Ní tiwa, ọdún 1975 ni ojú wa là, nígbà tí ọkọ̀ òkun tí ó kó sìmẹ́ǹtì dé kún iwájú èbúté Èkó bámúbámú, tí kò sì sí ọwọ́ tí yóò já a. Èbúté Tin Can Island tí a ṣí ní ọdún 1977 jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ìtìjú yẹn bí. Láti ìgbà náà ni fọ́kílíìfù ti di ará ilé ní Àpápá, ní Ìkẹjà, ní Ọ̀tà àti ní Àgbárá.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ẹ̀dá irin yìí ti rí, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò máa rò pé mọ́tò kékeré kan ni. Kúkúrú abìdí-wúwo ni, arẹrù-má-gbọ̀n, ọlọ́wọ́ irin méjì tí kì í kígbe oró bí ẹrù wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Èyí tí ó lè gbé tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀ a máa wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́rin fúnra rẹ̀, ìyẹn ni pé ó tó mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ mẹ́ta, nítorí pé irin ńlá kan ni wọ́n dà sí ẹ̀yìn rẹ̀ láti máa fi dá ẹrù iwájú lóhùn. Bí àwọn ọmọdé méjì ti ń jókòó sí ìpẹ̀kun méjèèjì pákó jángirọ́fà, tí ọ̀kan ń lọ sókè tí èkejì ń sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù àti irin ẹ̀yìn náà ti wà ní ìhà méjèèjì ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀: bí ẹrù bá wúwo ju bí ó ti yẹ lọ, tàbí tí ó jìnnà sí òpó jù, ìdí ọkọ̀ yóò gbéra nílẹ̀, awakọ̀ kò sì ní lè darí rẹ̀ mọ́, nítorí pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ó fi ń yà. Bí ó tilẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ibi mẹ́ta péré ni ó fi dúró, ẹsẹ̀ iwájú méjì àti ojú kan ṣoṣo láàárín ẹ̀yìn níbi tí wọ́n gbé ọ̀pá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọ́. Bí ìwúwo ọkọ̀ àti ẹrù bá ṣì wà láàárín ibi mẹ́ta yìí, àlàáfíà ni. Bí ó bá yẹ̀ kúrò níbẹ̀, ìbáà ṣe nítorí ẹrù tí ó ga sókè, tàbí nítorí pé a fi eré yà, tàbí nítorí kòtò kékeré kan tí sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ ti hó, ọkọ̀ náà yóò ti ṣubú kí awakọ̀ tó mọ ohun tí ó ń ṣe. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ́ awakọ̀ pé kí ìka irin má ga ju nǹkan bí íńṣì mẹ́rin sí mẹ́fà lọ nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, kí ó sì jẹ́ pé bí ó bá gbé ẹrù, tí ó ń gun òkè tàbí tí ó ń sọ̀ kalẹ̀, ẹrù ni yóò kọjú sí òkè.

Ìwà kan tún wà lára rẹ̀ tí àwọn àlejò inú ọgbà kì í mọ̀. Nígbà tí orí rẹ̀ bá ń yà sí ọ̀tún, ìdí rẹ̀ a jù sí òsì pẹ̀lú agbára tí ó lè fọ́ egungun ìbàdí. Ẹni tí ó bá fẹ̀gbẹ́ ti ògiri nítòsí, tí ó rò pé òun ti yà fún un, ibẹ̀ gan-an ni yóò ti bá a.

Àjọ NIOSH ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa wádìí ohun tí ó ń pa òṣìṣẹ́, ka ikú 1,021 tí fọ́kílíìfù fà láàárín ọdún 1980 àti 1994. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 22 ni ó kú nígbà tí ọkọ̀ dojú dé. 20 jẹ́ ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn tí ọkọ̀ kọlù. 16 ni ọkọ̀ tẹ̀ rẹ́. 9 ni ó já bọ́ láti orí rẹ̀. Láti ọdún 2011 sí 2017, ènìyàn 614 ni ó tún bá a lọ ní ilẹ̀ kan náà, àwọn tí ó fara pa dé ibi pé wọn kò lè lọ síbi iṣẹ́ sì lé ní 7,000 lọ́dọọdún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ HSE, tí ń rí sí ìlera àti ààbò níbi iṣẹ́, sọ pé nínú jàm̀bá mẹ́rin tí ọkọ̀ ń fà láàárín ọgbà iṣẹ́, fọ́kílíìfù a máa lọ́wọ́ sí nǹkan bí ọ̀kan. Mo fẹ́ kí òǹkàwé tún ìṣirò NIOSH yẹn wò, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí kò gun ọkọ̀, tí kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, tí ó kàn ń kọjá lọ mu omi tàbí tí ó ń ka páálí, ń kú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹni tí ọkọ̀ dojú dé mọ́ lórí. Bí ó bá jẹ́ pé ìwàkuwà awakọ̀ nìkan ni àrùn náà, a jẹ́ pé kí a máa lé awakọ̀ burúkú kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni oògùn rẹ̀, a ó sì ti ríran láti ìgbà yìí wá. Ṣùgbọ́n awakọ̀ ń lọ, awakọ̀ ń bọ̀, ojú kan náà ní ọ̀nà kan náà ni ẹ̀jẹ̀ ń ta sílẹ̀ sí.

Ti ọkọ̀ tí ń dojú dé ní ìbànújẹ́ kan nínú. Nígbà tí awakọ̀ bá rí i pé ọkọ̀ ń lọ, ara rẹ̀ yóò sọ fún un pé kí ó fò jáde, ara ènìyàn kò sì gbọ́ èdè irin: ìhà tí ọkọ̀ ń wó sí ni ẹni tí ó fò sábà máa ń bọ́ sí, ìbòrí irin tí wọ́n ṣe láti gbà á lọ́wọ́ ẹrù tí ó bá já láti òkè ni yóò sì wá kàn án mọ́lẹ̀. Ohun tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà fi ń kọ́ni, ní ti ọkọ̀ tí a ń jókòó wà, ni pé kí awakọ̀ jókòó pa, kí ó di sítíárìn mú gírígírí, kí ó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, kí ó sì fi ara sí òdìkejì ibi tí ọkọ̀ ń wó sí. Bẹ́líìtì ìjókòó nìkan ni ó lè mú kí ènìyàn ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù bá dé. Ẹ wá bi awakọ̀ léèrè ìdí tí kì í fi so ó, yóò ní òun ń sọ̀ kalẹ̀ ní àìmọye ìgbà lójúmọ́ láti tún pálẹ́ẹ̀tì tò, láti fọwọ́ sí ìwé, láti ṣí ilẹ̀kùn tírélà, ọ̀gá sì ń ka iye tí òun gbé títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò parọ́. Ẹni tí ó pàṣẹ pé kí ó máa so bẹ́líìtì kò dín pálẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo kù fún un.

Igi gànnàngànnàn má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Bí a bá sì fẹ́ wo igi yìí láti òkèèrè, inú ọ̀nà àárín pẹpẹ ilé ìkẹ́rùsí ni kí a lọ, nígbà tí kò tíì sí ẹnikẹ́ni tí ó fara pa. Pẹpẹ irin ga ní ọ̀tún ní òsì títí dé abẹ́ òrùlé, ẹrù kún un. Ní ìpẹ̀kun ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni kọ̀rọ̀ wà, ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ bọ̀ àti awakọ̀ tí ń bọ̀ kò sì lè rí ara wọn títí wọn yóò fi pàdé. Ẹrù tí ó ga níwájú ọkọ̀ dí ojú awakọ̀, nítorí náà ẹ̀yìn ni ó ní láti fi rìn, tí ó yí ọrùn sẹ́yìn ní gbogbo àsìkò iṣẹ́, ọrùn ènìyàn kì í sì pẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ tí ń fi ẹ̀yìn rìn a máa dún píì-píì, ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ mẹ́wàá bá ń dún bẹ́ẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, etí yóò ti di sí i, ẹni tí ikú ń bọ̀ wá bá kò ní mọ èyí tí ń kì í nílọ̀. Ilà ofeefee tí wọ́n fi ọ̀dà fà sílẹ̀ láti ya ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sọ́tọ̀ ti parẹ́ ní ibi tí ó ṣe pàtàkì jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń gbà jù. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọkọ̀ àti ènìyàn jọ ń gbà. Nígbà tí aago oúnjẹ bá sì lù, gbogbo ènìyàn a dà jáde síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ni ọ̀rọ̀ ìfarabalẹ̀ fẹ́ ṣe sí èyí? Ẹni tí ó ya ilé náà ni ó pè wọ́n jọ. Irin gbọọrọ kan tí a rì mọ́ ilẹ̀ láti dá ẹlẹ́sẹ̀ sí ọ̀tọ̀, ilẹ̀kùn kékeré kan fún ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀, òfin pé kí ọkọ̀ dúró nígbà tí ènìyàn bá ń wọlé tàbí ń jáde: ohun tí ó ń gba ẹ̀mí là nìyẹn, owó rẹ̀ kò sì tó owó ọkọ̀ kan.

Ní ẹnu ibi tí tírélà ti ń já ẹrù, ikú mìíràn tún lúgọ. Ọkọ̀ wọ inú tírélà, ó jáde, ó tún wọlé, ìrìn rẹ̀ sì ń ti tírélà síwájú díẹ̀díẹ̀ títí àlàfo yóò fi ṣí láàárín òun àti ilé; tàbí kí awakọ̀ tírélà rò pé iṣẹ́ ti parí, kí ó ṣáná sí ọkọ̀, kí ó sì máa lọ nígbà tí fọ́kílíìfù wà ní agbede méjì. Ìdènà táyà àti gbígba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ awakọ̀ tírélà títí iṣẹ́ yóò fi parí ni oògùn èyí. Ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ ìtìjú pé ènìyàn ṣì ń kú níbẹ̀.

Pẹpẹ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun àìkú. Ẹsẹ̀ pẹpẹ tí ọkọ̀ ti gbún lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n ní kò burú, tí wọ́n tún gbún lẹ́ẹ̀kejì, yóò dúró títí di ọjọ́ tí kò ní dúró mọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, ní Hinstock ní agbègbè Shropshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn pẹpẹ tí wọ́n to wàràkàṣì sí ya lulẹ̀ lé awakọ̀ fọ́kílíìfù kan lórí, nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ ni ó sì fi wà lábẹ́ rẹ̀ kí àwọn panápaná tó hú u jáde láàyè. Orí rẹ̀ ni ó bá a ṣe é. Ti èéfín, n kò ní pẹ́ níbẹ̀: ọkọ̀ tí ń lo gáàsì tàbí bẹntiróòlù nínú ilé tí a tì pa ń tú èéfín tí kò ní òórùn tí ó sì ń pani, bátìrì tí a ń gba iná sí náà sì ń tú afẹ́fẹ́ tí ó lè gbiná; ẹni tí ó bá ṣí fèrèsé ti ṣe díẹ̀ nínú àtúnṣe rẹ̀.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni a ń rí àwọn ènìyàn tí ń kọjá lábẹ́ ìka irin tí a gbé sókè, tí wọn kò sì ronú pé òróró inú ọ̀pá òpó ni ó gbé e ró. Èyí tí ó tún burú, tí ó sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ni kí a gbé ènìyàn dúró sórí pálẹ́ẹ̀tì lásán kí ó lè dé orí pẹpẹ lọ mú páálí kan tàbí kí ó pààrọ̀ gílóòbù. Pálẹ́ẹ̀tì kò ní ọwọ́ tí ènìyàn lè dì mú, kò sì sí ohun tí ó so ó mọ́ ìka irin. Ní ti irin tí a gbé sókè, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, nínú ilé ìkẹ́rùsí Amazon kan ní Plainfield, ìpínlẹ̀ Indiana, òṣìṣẹ́ alátùn-únṣe kan wà lábẹ́ fọ́kílíìfù tí ó ń tún ṣe, irin tí ó wà lókè já lé e, ó sì kú. Àwọn olùbẹ̀wò ìpínlẹ̀ náà kọ́kọ́ ka ẹ̀sùn mẹ́rin sí ilé-iṣẹ́ náà lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú ìtanràn $28,000. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa ẹ̀sùn náà yọ, tí wọ́n sì kà á sí ìwà òṣìṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Èmi kò jókòó ní ipò adájọ́ níbẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé òkú kì í rojọ́, nítorí náà kò sí ẹni tí ó rọrùn láti di ẹ̀bi rù jù ú lọ. Àjànàkú sì kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin kí a sọ pé a rí erin.

Erin tí mo ń wí náà ni ìkánjú. Ẹni tí ó jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ ní alẹ́, tí ó fi fóònù ra bàtà, tí ó sì fẹ́ kí bàtà náà kan ilẹ̀kùn òun kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, kò rí àwọn tí yóò sáré lóru láti mú ìlérí náà ṣẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n jẹ́ 668,900 ní ọdún 2011, ti di 1,713,900 ní ọdún 2021. Ní ọdún 2021 yẹn, nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ wọn tí ń ṣiṣẹ́ ní àkókò kíkún, 5.5 ni ó fara pa tàbí tí iṣẹ́ kó àìsàn bá, nígbà tí ti gbogbo ilé-iṣẹ́ aládàáni lápapọ̀ jẹ́ 2.7. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ni fọ́kílíìfù fà, nítorí ẹ̀yìn, èjìká àti orúnkún tí ń fà ya lójoojúmọ́ nídìí gbígbé àti títẹ̀ ni ó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ìyá náà sì ni iye tí wọ́n bù lé òṣìṣẹ́ pé kí ó ṣe láàárín wákàtí kan. Ìpínlẹ̀ California ṣe òfin ní ọdún 2021 pé kí ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí kọ iye tí ó ń béèrè sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́, kí iye náà má sì dí i lọ́wọ́ láti jẹun, láti sinmi tàbí láti lọ sí ilé ìtọ̀. New York tẹ̀ lé e ní ọdún 2022. Ní oṣù keje ọdún 2023 ni àjọ OSHA ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, tí ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́, fúnra rẹ̀ dìde pé òun yóò máa ṣe àbẹ̀wò àkànṣe sí àwọn ilé wọ̀nyí. Èmi dúró díẹ̀ lórí ti ilé ìtọ̀ yẹn nígbà tí mo kà á: ní ọ̀rúndún kọkànlélógún, ní ilẹ̀ tí ó lọ́rọ̀ jù láyé, òfin ni ó ní láti gba àyè fún àgbàlagbà kí ó lọ tọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó lọ kàwé tàbí tí ó lọ wá ìjẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ilé ìkẹ́rùsí kọ́kọ́ ń gbà tọwọ́ tẹsẹ̀, pàápàá ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà, ní agbègbè Northampton, Daventry àti Leicester, níbi tí irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí. Ẹni tí ó gba oyè ní Ìbàdàn tàbí ní Ifẹ̀ yóò wọ bàtà olórí-irin lóru, yóò sì máa ti ẹrù. Àwọn aṣojú tí ń bá ilé-iṣẹ́ wá òṣìṣẹ́ ni ó ń gbà wọ́n síṣẹ́, ọ̀la kò dájú, ẹni tí kò bá yára kì í sábà gbọ́ ìpè mọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ sọ pé ọ̀nà kò dára tàbí pé bíréèkì ọkọ̀ kò mú, nítorí ó rò pé òfin ilẹ̀ náà kò mọ òun. Ó mọ̀ ọ́n. Òfin ìlera àti ààbò tí wọ́n ṣe ní ọdún 1974 kò yọ òṣìṣẹ́ tí aṣojú mú wá sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ tún rò pé ìjọba ní ń fúnni ní láísẹ́ǹsì fọ́kílíìfù bí ti mọ́tò. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, kò sì rí bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó gbani síṣẹ́ ni òfin di ẹrù ẹ̀kọ́ lé lórí. Ìlànà tí OSHA gbé jáde ní oṣù kejìlá ọdún 1998 ní kí a kọ́ awakọ̀ lórí irú ọkọ̀ tí yóò wà gan-an àti nínú irú ibi tí yóò ti wà á, kí a máa dán an wò ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́ta, kí a sì tún un kọ́ bí ó bá ní jàm̀bá tàbí bí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ ní in. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 18 kò gbọdọ̀ gun un.

Ní ilé wa ńkọ́? Òfin kò wọ́n wa. Òfin Ilé-Iṣẹ́ ti ọdún 1987 sọ pé bí jàm̀bá bá pa òṣìṣẹ́, tàbí tí kò jẹ́ kí ó lè ṣiṣẹ́ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, kí a kọ̀wé sí olùbẹ̀wò ìjọba lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Òfin gbà-má-bìnú òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 tún ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún àjọ NSITF, àjọ ìjọba tí ń ṣàkóso owó náà, láìyọ kọ́bọ̀ kan lára owó òṣìṣẹ́, kí ó baà lè jẹ́ pé bí ẹnì kan bá kú nídìí iṣẹ́ tí ó fi opó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ yóò máa wọlé fún wọn lóṣooṣù. Mo ti bi ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ojúmọ́ ní àwọn ọgbà iṣẹ́ bóyá wọ́n mọ èyí. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn rò pé tọ́rọ́fọ́nkálé ni owó gbà-má-bìnú, ohun tí ọ̀gá bá fẹ́ fi ṣe àánú nígbà ìsìnkú. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni ó sì pọ̀ lọ́wọ́ wa: mo ti rí èyí tí wọ́n ti gé bẹ́líìtì rẹ̀ sọnù, mo ti rí èyí tí àwo tí wọ́n kọ ìwọ̀n ẹrù rẹ̀ sí ti dípẹtà tí ẹnikẹ́ni kò lè kà á mọ́, mo sì ti rí ọmọkùnrin tí ó kọ́ ọ nípa pé ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà tí ọ̀gá bá lọ jẹun ọ̀sán.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní mo fi Ògún sílẹ̀. N kò fi í sílẹ̀. Ògún Lákáayé, ọṣìn irin, ni a ń fi irin rẹ̀ búra ní kóòtù nítorí pé kò fẹ́ irọ́. Ẹni tí ó bá gé bẹ́líìtì sọnù, tí ó gbé ọmọ ọlọ́mọ dúró sórí pálẹ́ẹ̀tì, tí ó wá pa ajá fún Ògún ní ìparí ọdún, irọ́ ni ó pa fún un, kí ó má sì ka ohun tí ó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ sí ọwọ́ òrìṣà.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti mú oríṣiríṣi nǹkan wá: iná aláwọ̀ búlúù tí ń tan sílẹ̀ níwájú ọkọ̀ kí ẹlẹ́sẹ̀ lè rí i ní kọ̀rọ̀, ohun tí ń dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀, kámẹ́rà, àti ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ rárá. N kò kẹ́gàn wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi iná búlúù sí ọkọ̀ tí ó ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ènìyàn igba, ní àsìkò oúnjẹ kan náà, pẹ̀lú iye pálẹ́ẹ̀tì kan náà fún wákàtí kan, a ti ra iná ni, a kò ra ààbò. Ìdájọ́ tèmi ni pé agbanisíṣẹ́ ni kí a kọ́kọ́ bi, lẹ́yìn rẹ̀ ẹni tí ó ya ilé, lẹ́yìn rẹ̀ ẹni tí ó bu iye iṣẹ́. Awakọ̀ ni kí ó ṣe ìkẹrin, kí ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn sì kẹ́yìn gbogbo wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ìkẹ́rùsí, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà: ẹ ya ti ẹsẹ̀ kúrò lára ti ọkọ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, àti ẹ̀yin tí ọmọ tàbí àbúrò yín ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tí ó bá fara pa, tàbí ẹbí rẹ̀, ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti fi tó agbanisíṣẹ́ létí, agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ méje láti fi tó àjọ NSITF létí, ìwé ìbéèrè fún owó gbà-má-bìnú sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn láàárín ọdún kan.